Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ilẹ̀ Okun àti Òṣèlú: Ohun tí Òfin Gbà, Ohun tí Kò Gbà

Ní Kogi, ìdìbò kì í jìnnà síra. Bí gbogbo Nàìjíríà bá ti dìbò ààrẹ tán, ọdún náà kì í parí kí tiwa tó tún dé, torí oṣù kọkànlá ni ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ yìí máa ń bọ́ sí: ọjọ́ 21 ní 2015, ọjọ́ 16 ní 2019, ọjọ́ 11 ní 2023. Ti káńsù tún wà lọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí àwa Yorùbá Kogi ń gbé, olùkọ́ tó wà ní Isanlu, nọ́ọ̀sì tó wà ní Iyara, akọ̀wé káńsù ní Odo-Ere, gbogbo wọn ló ń gbé inú ariwo ìpolongo ìbò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn olóṣèlú ò sì lè ṣe kí wọ́n má wá wọn lọ, torí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀mọ̀wé tó wà nítòsí, òun làwọn ará àdúgbò máa ń bi léèrè pé, "Kí lẹ rí sí i?"

Ohun tó ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù ni pé wọ́n ń da ìbéèrè méjì pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé òfin gbà kí n du ipò? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló dáhùn èyí: ó ní kí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìdìbò tó wáyé. Èkejì: ṣé wọ́n lè torí òṣèlú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Òfin iṣẹ́ ọba (Public Service Rules) ló dáhùn ìyẹn, kò sì dá ọjọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá di ọgbọ̀n ọjọ́ mú tó gbàgbé ìbéèrè kejì lè pàdánù iṣẹ́ kó tó rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ẹsẹẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wò ó bóyá òfin náà kàn yín

Abala 318 nínú ìwé òfin ló sọ ẹni tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì gbòòrò ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Kì í ṣe àwọn tó jókòó sí sẹkitéríàtì ní Lokoja nìkan. Òṣìṣẹ́ káńsù wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé tí ìjọba dá sílẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ìjọba ló ń gbé ìnáwó rẹ̀ jù, wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ Federal University Lokoja àti ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ABU ní Kabba. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba bá ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn ECWA ní Egbe gbà síṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ lè ní ìlànà tiwọn, àárín àwọn méjèèjì nìyẹn wà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìjọba ló yá ẹnì kan fún irú ibẹ̀, tí ìjọba ṣì ń san owó oṣù rẹ̀, òfin ìjọba ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá rú yín lójú, ẹ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde, kí ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i àti ẹni tó ń san owó.

Kọmíṣánnà, olùdámọ̀ràn gómìnà àti irú wọn ò sí lára àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀, torí òṣèlú gan-an ló gbé wọn dé ipò. Ọlọ́pàá, sójà àti òṣìṣẹ́ INEC (àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè) fúnra rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ìlànà tó le ju èyí lọ, kí wọ́n tẹ̀ lé tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ẹ̀tọ́ tí kò sí ọ̀gá tó lè gbà á

Ẹ lè dìbò. Kò sí òfin iṣẹ́ kankan tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtidìbò.

Ẹ lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo mọ̀ pé èyí á ya ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́nu, torí ohun tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ fi kọ́ wa ni pé kó má tilẹ̀ sí káàdì ẹgbẹ́ kankan lápò wa. Abala 40 sọ pé olúkúlùkù lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tàbí kó wọ ẹgbẹ́, títí kan ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí INEC ṣe ìlànà pé òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, níbi tí INEC ti kojú Balarabe Musa àti àwọn mìíràn. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ náà wọ́gi lé ìlànà yẹn, ó ní ó tako ìwé òfin. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi ẹjọ́ gbà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìhàlẹ̀ gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ lè lọ jókòó gbọ́ ohun tí olùdíje kan ní í ṣe sí ọ̀nà Kabba sí Ilorin, kí ẹ sì bi í léèrè. Ẹ lè di ipò mú nínú NUT (ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́) tàbí NULGE (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀). Ẹ lè máa lọ sí ìpàdé Okun Development Association, torí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ìdàgbàsókè bá di ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ olùdíje, tí wọ́n ní kí ẹ wá dìde sọ̀rọ̀ fún un, ìgbésẹ̀ tó kàn lẹ wà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ nǹkan mẹ́rin tí òfin iṣẹ́ ọba kọ̀

Ẹnì kan á ní, bí mo bá lè wọ ẹgbẹ́, kí ló dé tí n ò lè sọ̀rọ̀? Abala 39, tó fún wa ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, fúnra rẹ̀ gbà pé kí òfin tó bá bójú mu dín òmìnira náà kù fún àwọn tó di ipò mú lábẹ́ ìjọba. Ohun tí òfin iṣẹ́ ọba gbára lé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kéde-kéde.

Ẹ̀dà òfin iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2008 to nǹkan mẹ́rin náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ní yálà òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó wà ní ìsinmi, kò gbọ́dọ̀ ṣe wọ́n àfi tí ìjọba bá fún un láṣẹ ní pàtó. Láti 2023 ni wọ́n ti ń lo ẹ̀dà tuntun, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì yín fún èyí tó de iṣẹ́ yín. Àwọn mẹ́rin náà nìyí.

Àkọ́kọ́ ni dídi ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbáà gba owó, ìbáà ṣe ọ̀fẹ́. Níbí ni wọ́n ti ń mú àwọn olùkọ́ wa jù. Ẹgbẹ́ fẹ́ dá ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n nílò akọ̀wé, wọ́n wò yíká, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé kọ, ẹ ṣáà máa bá wa kọ ọ́." Kò sí owó ńbẹ̀, kò tilẹ̀ jọ ipò lójú ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí orúkọ yín bá ti wà lórí ìwé tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí Lokoja, akọ̀wé wọ́ọ̀dù lẹ jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò, ìdáhùn kan náà ni: rárá.

Èkejì ni pé kí òṣìṣẹ́ du ipò, tàbí kó fa ẹlòmíràn kalẹ̀. Ìdajì kejì gbólóhùn yìí ni àwọn èèyàn kì í kà. Fọ́ọ̀mù olùdíje máa ń ní àyè fún orúkọ àti ìfọwọ́sí àwọn tó fà á kalẹ̀. Wọ́n lè gbé e wá sílé yín lálẹ́, ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ló sì lè ti wá, kó ní ìfọwọ́sí kan péré ló kù. Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún un pé kó lọ bá àgbẹ̀, oníṣòwò tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ìfọwọ́sí tiwọn ò ní ná wọn ní nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ni fífi hàn ní gbangba pé ẹ wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan, olùdíje kan tàbí ètò kan, tàbí pé ẹ lòdì sí i. Wàhálà pọ̀ sí i látìgbà tí WhatsApp ti dé. Àwòrán olùdíje lórí status, fìlà tàbí ankara tó ní àmì ẹgbẹ́, fọ́tò tí ẹ ti na ìka sókè níbi ìwọ́de: ní tèmi, gbangba ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹni mọ̀lẹ́bí nìkan ló ń wo status yín, torí ẹni tó máa ya àwòrán rẹ̀ fún ọ̀gá yín lè wà nínú mọ̀lẹ́bí náà. Mo mọ̀ pé ó ṣòro nílùú kékeré bíi Mopa tàbí Ekinrin-Adde, níbi tí olùdíje ti lè jẹ́ àbúrò ìyá yín, tí ẹbí ti ra aṣọ kan náà fún ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ lọ síbi ìdúpẹ́ náà. Bí àmì ẹgbẹ́ bá wà lára aṣọ, ẹ wọ aṣọ yín mìíràn, kí ẹ sì ṣàlàyé fún ìyá yín kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀kẹrin ni kíkiri wá ìbò fún èèyàn. Èyí ò gba àlàyé.

Òfin ka òṣèlú ẹgbẹ́ mọ́ ìwà àìtọ́ tó burú jù lẹ́nu iṣẹ́, lílé ni ó sì lè já sí. Lílé yàtọ̀ sí ìfẹ̀yìntì: ẹni tí wọ́n bá lé lè pàdánù owó tó ti fi gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kó jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ pẹ́, kí ẹ má fi nǹkan tó tó báyìí ta tẹ́tẹ́ nítorí status WhatsApp.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ má fi nǹkan ìjọba kún un

Òfin ìdìbò tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo ohun ìní ìjọba, títí kan ilé iṣẹ́ ìròyìn rẹ̀, láti gbè tàbí láti dènà ẹgbẹ́ tàbí olùdíje. Ó tún ka ọ́fíìsì ìjọba, àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìjọsìn sí ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ ti polongo ìbò. Nítorí náà, Hilux káńsù ò gbọ́dọ̀ kó èèyàn lọ síbi ìwọ́de. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé iléewé ò gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ìpolongo. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ ya kíláàsì yín fún ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ sọ pé kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó wà lókè yín, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn tó wà lórí ìwé. Òfin ìdìbò máa ń yí padà láàárín ìdìbò kan sí òmíràn, òmíràn ti rọ́pò ti 2022 yìí ní 2026, nítorí náà èyí tó bá wà lóde lásìkò yẹn ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá fẹ́ bá INEC ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìbò

INEC máa ń gba òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà ìdìbò, wọ́n sì máa ń búra pé àwọn ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ẹ̀tọ́ tí a rí ní ìgbésẹ̀ kejì lè di ọ̀ràn. Òfin 2022, tó wà lóde kí ti 2026 tó dé, sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá fi jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́ kó lè rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ INEC ti dẹ́ṣẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì. Bí ẹ bá ní káàdì ẹgbẹ́, ẹ má kọ fọ́ọ̀mù náà. Owó tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ ọjọ́ méjì kò tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ bá fẹ́ du ipò fúnra yín

Ẹ̀tọ́ yín ni. Ilẹ̀ Okun sì nílò àwọn tó mọ iṣẹ́ ìjọba látinú wá. Ṣùgbọ́n ẹ tò ó bó ṣe yẹ.

Ìwé òfin sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ò lè du ipò àfi tó bá ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tó ti yọwọ́, tàbí tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìdìbò tó wáyé. Abala 66 ló sọ ọ́ fún sẹ́nẹ́tọ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin, 107 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, 182 fún gómìnà, 137 fún ààrẹ. Ti káńsù, òfin ìpínlẹ̀ àti ìlànà àjọ elétò ìdìbò Kogi ló ń darí rẹ̀, ẹ gba ìlànà náà lọ́wọ́ àjọ ọ̀hún kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan ní Aiyetoro-Gbede tó fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lokoja. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń kà. Ṣùgbọ́n ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ máa ń ṣáájú ìdìbò gan-an ní ọ̀pọ̀ oṣù. Kó tó wọlé níbẹ̀, á ti ra fọ́ọ̀mù, á ti tẹ pósítà, á ti yí wọ́ọ̀dù ká, nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Ìwé òfin ò bá a wí, torí ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Òfin iṣẹ́ lè ti bá a wí láti ọjọ́ tí pósítà àkọ́kọ́ ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí wọ́n bá lé e kó tó kọ̀wé, pẹ̀lú àbùkù ló fi lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ṣáájú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó ra fọ́ọ̀mù kò tíì ṣe tán láti du ipò.

Kí ẹ tó kọ ìwé náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìfẹ̀yìntì, kí ẹ bi wọ́n ní iye ọdún tí wọ́n kà sí yín lọ́rùn, àti ohun tó tọ́ sí yín bí ẹ bá kọ̀wé kúrò tàbí bí ẹ bá fẹ̀yìn tì. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Lábẹ́ ẹ̀dà 2008, ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì máa ń fi tó ìjọba létí ní oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé. Fún ìdí yẹn, ẹni tó bá yan ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìwé náà kò gbọ́dọ̀ gùn. Orúkọ yín bó ṣe wà nínú fáìlì, nọ́ńbà fáìlì, ipò àti ìpele iṣẹ́ yín, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ yín parí, àti gbólóhùn kan tó sọ pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má kọ "mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè láti lọ", torí ìyẹn ń tọrọ àyè ni. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó lágbára láti gbà yín síṣẹ́, kí ìwé náà gba ọwọ́ ọ̀gá yín kọjá.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́. Ẹ tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìwé, kí akọ̀wé ibẹ̀ lu òǹtẹ̀ "Received" sórí ẹ̀dà tiyín, kó kọ ọjọ́ sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ dúró síbẹ̀ títí tí yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀. Òǹtẹ̀ tí kò ní ọjọ́ kò wúlò fún yín. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé ọjọ́ tí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ni iṣẹ́ parí, kò sì dìgbà tí ọ̀gá bá ní òun gbà. Nítorí náà, bí èsì ò bá dé fún oṣù méjì, òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí yín níwájú àwọn tó máa gbé yín lọ sílé ẹjọ́.

Bí owó oṣù bá ṣì wọ àkáǹtì yín lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ má ná an. Ẹ kọ̀wé sọ fún wọn, ẹ dá a padà, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Owó oṣù tó ń wọlé ni àwọn alátakò máa ń wá kó síwájú adájọ́ láti fi sọ pé ẹ ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹ jọ̀wọ́ káàdì ìdánimọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, kí ẹ gba ìwé pé ẹ ti dá wọn padà. Ẹ tún kọ fọ́ọ̀mù ìkéde dúkìá fún Code of Conduct Bureau, torí ìwé òfin ní kí ẹ kéde dúkìá nígbà tí ẹ bá ń kúrò nípò bí ẹ ṣe kéde nígbà tí ẹ wọlé.

Bí ẹ bá pàdánù ìdìbò abẹ́lé ńkọ́? Kò sí ọ̀nà àbọ̀. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí ìjọba bá tún gbà á, ìgbanisíṣẹ́ tuntun ni. Kí ọkọ, aya àtàwọn ọmọ gbọ́ èyí kí ìwé tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí query (ìwé tó ní kí ẹ wá sọ tẹnu yín lórí ẹ̀sùn) bá dé

Ẹ má bínú dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìdáhùn, ẹ má jẹ́ kó kọjá, torí ẹni tí kò fèsì ti jẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ò ní àwíjàre. Òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ kedere. Bí wọ́n bá kàn kọ "ẹ ń ṣe òṣèlú", ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè ọjọ́, ibi àti ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe. Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ pé ẹ ní káàdì ẹgbẹ́ nìkan, ẹ tọ́ka sí abala 40 àti ìdájọ́ 2003. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣe ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin òkè yìí, ẹ má parọ́, ẹ tọ agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín lọ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bó bá di lílé, National Industrial Court ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀ràn iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́ta kí ẹ tó gbé e débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ọ̀gá bá ń fipá mú yín

Òfin tó ní kí ẹ má bá ẹgbẹ́ kankan kiri ìbò kò yọ ẹgbẹ́ tó wà lórí ìjọba sílẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ síbi ìwọ́de ń ní kí ẹ rú òfin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ló sọ ọ́. Ẹ rọra bèèrè pé kó kọ àṣẹ náà sórí ìwé. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ dé orí ìwé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kó káàdì ìdìbò yín wá fún òun tọ́jú, ẹ kọ̀. Láti rà á, láti tà á, tàbí kó wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ láìtọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìdìbò, ìhàlẹ̀ láti mú kí ẹnì kan dìbò fún ẹlòmíràn náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má bá a jà ní ọ́fíìsì. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́, ibi àti àwọn tó wà níbẹ̀: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tọ́jú ìfiránṣẹ́ tí wọ́n bá fi sórí fóònù, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, òmíràn fún ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.